Fódà ṣófo lẹ́yìn tí iná lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni mo ní ní Adó-Èkìtì. Mo ra díìsìkì 1TB sínú kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Ubuntu. Ẹnìkan bá mi fọ́máàtì rẹ̀ ní tẹ́míná, ó so ó mọ́ /mnt/foto, mo sì kó fọ́tò ìgbéyàwó sí i. Iná lọ, nígbà tó dé, fódà ti ṣófo. Ṣé kí n tún un fọ́máàtì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́máàtì ohunkóhun! Àfi èyí tí ẹ ń kó lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò yín pé síbẹ̀. Mount (síso díìsìkì mọ́ fódà) tí a fi ọwọ́ tẹ̀ kì í kọjá ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá kú. Ẹnu ọ̀nà lásán ni fódà yẹn, díìsìkì kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ẹ má sì da fọ́tò tuntun sínú rẹ̀ báyìí: orí díìsìkì àtijọ́ ló máa bọ́ sí, kò sì ní hàn mọ́ tí ẹ bá ti mount tán.

Ẹ tẹ:

lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE,UUID

Ẹ wá 931,5G tàbí 931.5G. 1TB yín nìyẹn: ẹni tó ṣe é fi 1000 kà, kọ̀ǹpútà fi 1024 kà. Bí ext4 (irú fọ́máàtì Linux) bá wà níwájú sdb1, ìyẹn apá díìsìkì náà, ẹ da UUID rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀) kọ. Ẹ ṣí `sudo nano /etc/fstab`, fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń kà láti mount díìsìkì nígbà tó bá ń tàn, kí ẹ fi ìlà yìí sí ìsàlẹ̀:

UUID=(èyí tí ẹ dà kọ) /mnt/foto ext4 defaults,nofail 0 2

Ẹ má kọ /dev/sdb1 síbẹ̀, torí sdb òní lè di sdc lọ́la tí ẹ bá ki díìsìkì mìíràn bọ̀ ọ́. nofail ṣe pàtàkì: láìsí i, bí wáyà díìsìkì bá tú, kọ̀ǹpútà á dúró lójú ọ̀nà, kò ní tàn tán. Lẹ́yìn náà:

sudo systemctl daemon-reload
sudo mount -a

Bí kò bá fọhùn, ẹ wo /mnt/foto: bí fọ́tò bá hàn, ó ti ṣe é; bí kò bá hàn, ẹ yẹ UUID wò, torí nofail kì í jẹ́ kó ráhùn tí kò bá rí díìsìkì. Bó bá ráhùn, ẹ tún fstab ṣe kí ẹ tó pa kọ̀ǹpútà.

Bó bá ní `Permission denied`, root (ọ̀gá àgbà kọ̀ǹpútà) ló ṣì ni ín: `sudo chown $USER: /mnt/foto`, lẹ́yìn mount, kì í ṣe ṣáájú.

Ẹni tí díìsìkì tirẹ̀ jẹ́ tuntun gan-an, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ìwọ̀nyí ni yóò fi pín in, tí yóò sì fi fọ́máàtì rẹ̀ (bí lsblk bá pè é ní sdb):

sudo parted /dev/sdb mklabel gpt
sudo parted /dev/sdb mkpart foto ext4 0% 100%
sudo mkfs.ext4 -m 1 /dev/sdb1

Láìsí `-m 1`, ext4 á fi 5% pa mọ́ fún root, bíi 46G nínú 1TB. Bí mkfs bá bi yín pé `Proceed anyway?`, N ni kí ẹ tẹ̀: nǹkan ti wà lórí díìsìkì yẹn.