Kábà Mi Ti Ń Wọ́lẹ̀, Ṣé Mo Ń Kúrú Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá Nọ́ọ̀sì. Aṣọ ni mo ń tà ní Ìbàdàn, ọmọ ọdún 58 ni mí. Kábà tí wọ́n rán fún mi nígbà òkú bàbá wa, ní nǹkan bí ọdún 10 sẹ́yìn, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń mọ. Ní báyìí, ó ti ń wọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn tún ń dùn mí tí mo bá gbé ìdì aṣọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa jẹ bọ́kọ́tọ̀ dáadáa, pé òun ló ń mú eegun le. Ṣé òótọ́ ni?
Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

Ìdáhùn: Ìyá Aláṣọ, ẹ ṣeun tí ẹ kíyè sí kábà yẹn. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́ọ̀dù àwọn tí eegun wọn ṣẹ́ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo rí àwọn ìyá tó jẹ́ pé aṣọ ló kọ́kọ́ tú àṣírí eegun fún wọn. Nígbà tí eegun bá ti fẹ́lẹ́ nínú, ti ọ̀pá ẹ̀yìn lè máa rún wọlé díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn ṣubú rárá, bí ìgbà tí èèyàn jókòó lé páálí. Èèyàn á kúrú, ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Torí náà, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣọ́ọ̀bù máa bá yín gbé ìdì aṣọ títí wọn yóò fi wò ó.

Ní ti bọ́kọ́tọ̀, èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá se eegun màálù mọ́jú, èròjà tí wọ́n ń pè ní calcium kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde sínú omi ọbẹ̀. Inú eegun tí ẹ ó jù fún ajá ni èyí tó pọ̀ jù ń wà. Èyí tó ń fà lẹ́nu yẹn ńkọ́? Inú á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹran yòókù, kò sí ọ̀nà tó gbà lọ tààrà sínú orúnkún ẹnikẹ́ni.

Bí àjọ ni eegun ṣe rí. Láti kékeré títí a ó fi tó nǹkan bí ẹni 30 ọdún là ń dá a, tó ń ga sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà, ohun tí ara ń gbà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ju ohun tí à ń dá lọ. Ọkàn àti iṣan kò lè ṣiṣẹ́ tí calcium kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà, lọ́jọ́ tí oúnjẹ kò bá mú un wá, ara á lọ gbà á lọ́wọ́ eegun. Àwa obìnrin ló wá le fún jù. Láàárín ọdún 5 sí 7 tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, obìnrin lè pàdánù tó ìdá kan nínú márùn-ún eegun rẹ̀, nítorí omi ara obìnrin tí wọ́n ń pè ní estrogen, tó ń ṣọ́ àjọ náà, ti gbẹ. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún àwọn ìyá wa. Wọ́n kàn ń sọ pé àgbà ti dé, pé làkúrègbé ni.

Obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún nílò calcium tó 1,200 mílígíráàmù lójúmọ́. Ife mílíìkì kan ń mú nǹkan bí 300 wá. Wàrà náà dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́kàn lé jù nílé mi ni ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun. Láràárọ̀ Sátidé, mo máa ń tún ṣáwá gbígbẹ yan lórí iná tí kò pọ̀, títí orí àti eegun rẹ̀ á fi máa dá kẹ́ tí mo bá fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ. Màá lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ edé, kó kúnná débi pé eegun kankan kò ní gún ọmọ kékeré lẹ́nu, màá sì rọ ọ́ sínú agolo. Ṣíbí 2 tó kún rẹ́rẹ́ ló ń wọ inú ẹ̀fọ́ tàbí mọ́ínmọ́ín wa. Ẹ má sì fi ẹ̀wà àti ẹyin sílẹ̀, nítorí àgbàlagbà tó ń fi ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ nìkan sùn, iṣan tó di eegun mú ló ń jò dànù.

Oúnjẹ nìkan kò tó. Eegun fẹ́ kí a gbé nǹkan lé òun lórí, ara tiwa gan-an sì ni ẹrù àkọ́kọ́. Àwọn tó ń lọ gbé lójú sánmà, níbi tí ara kì í ti í wúwo, máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá 1 sí 1.5 nínú 100 eegun ìbàdí wọn lóṣù kan, àwọn tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní kí wọ́n tó lọ o. Ẹ wá wo ẹni tó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí dókítà bá ti ní kò séwu, ẹ máa fẹsẹ̀ rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, kí ẹ máa dìde lórí àga láìfi ọwọ́ ti ara yín. Tí mo bá ń fọ eyín, mo máa ń di etí básíà mú, màá gbé ẹsẹ̀ kan sókè, màá ka 20, kí n tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ nìyí. Ọmọ ọdún 74 ni ìyá mi nígbà tó dìde lóru láti lọ tọ̀, ní ilé wa ní Abẹ́òkúta. Iná ti lọ, omi wà nílẹ̀ bálùwẹ̀, sálúbàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ tán lábẹ́, ó ń dán bí abẹ́ àwo. Eegun ìbàdí ló ṣẹ́. Títí tí ìyá fi lọ, kò rìn láìsí ọ̀pá mọ́. Mo ti rí sálúbàtà yẹn lẹ́nu ọ̀nà ní àìmọye ìgbà, èmi tí mo ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn ní wọ́ọ̀dù, n kò sì jù ú nù. Ìyá Aláṣọ, ẹ yí sálúbàtà yín dojú dé lónìí, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ ní kí bíríkìlà kan irin mọ́ ògiri bálùwẹ̀, èyí tí ọwọ́ lè dì mú.

Ìbéèrè: Màmá, láti ọdún 1998 ni mo ti wà ní London. Ẹni 63 ọdún ni mí, iṣẹ́ ọdẹ alẹ́ ni mò ń ṣe, mo máa ń fi ọ̀sán sùn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n ní fítámì D mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Báwo ni èmi tí mo dàgbà nínú oòrùn Iléṣà ṣe máa wá ṣaláìní oòrùn?
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Peckham

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, oòrùn Iléṣà kò bá yín wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ara kì í tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dúdú ara wa ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn ilé, àmọ́ ní ìlú òyìnbó, ó ń mú kó pẹ́ kí ara tó rí èyí tó nílò. Láti oṣù kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, oòrùn ibẹ̀ kò lágbára tó láti ṣe fítámì náà fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí NHS, àjọ ìlera ìjọba ibẹ̀, fi gba aláwọ̀ dúdú níyànjú láti ronú nípa lílo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Tiyín ti lọ sílẹ̀, torí náà ìwọ̀n tí dókítà kọ fún yín ni kí ẹ lò. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín kọjá máíkírógíráàmù 100 lójúmọ́, ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Láìsí fítámì yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ìfun ń gbà nínú calcium tí ẹ bá jẹ, bí aláàjọ tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó ṣí i. Tí ọwọ́ iṣẹ́ bá dilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ẹ bọ́ kóòtù, kí ẹ rìn yíká ọgbà ìgbafẹ́.

Ìbéèrè: Ẹni 70 ọdún ni bàbá mi, àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ra àgúnmu orúnkún kan ní gáréèjì, ìrora lọ láàárín ọjọ́ 2. Ó ti pé oṣù 8 tí wọ́n ti ń lò ó. Ojú wọn wá rí róbótó bí ẹni tó sanra, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn ń tín-ín-rín.
Àbúrò Yín, Òkè-Ògùn

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe ka lẹ́tà yìí. N kò bínú sí àgbo. Ewé kì í sábà ṣiṣẹ́ kíákíá báyẹn, kì í sì í sọ ojú di róbótó. Ohun tí mo fura sí ni pé ẹnì kan ti lọ dexamethasone tàbí prednisolone mọ́ ọn, àwọn oògùn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní steroid. Tí àwọn oògùn yìí bá pẹ́ lára, wọ́n ń jẹ eegun nínú, wọ́n sì lè pa orí eegun itan débi tí á fi wó. Síbẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ bàbá lójijì. Ara tó ti gbára lé e lè dákú tí ó bá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà ló máa mọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù. Lọ́sẹ̀ yìí gan-an ni kí ẹ mú bàbá lọ sí ọsibítù ìjọba, kí ẹ sì mú ike àgúnmu náà dání pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀.