Òfin Kan Náà fún Gbogbo Wa, Ṣé Ó Ti Tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa jẹ́ 60: obìnrin 36, ọkùnrin 24. Òfin kan náà la fi ń yá gbogbo wa lówó: ìlọ́po méjì owó tí èèyàn ti fi pamọ́, pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ àti onídùúró méjì tó ń gba owó oṣù. Lọ́dún tó kọjá, ẹni 20 ló yá owó. Obìnrin 3 péré ló wà nínú wọn. Akọ̀wé wa ní ìdọ́gba ti wà, kí ẹnikẹ́ni má pariwo. Ìyá kan ní ìdọ́gba yẹn kì í ṣe àìṣègbè. Kí ni ìyàtọ̀ wọn? — Akápò, Iléṣà

Ìdáhùn: Akọ̀wé yín kò purọ́. Ìdọ́gba ni pé kí ẹ̀tọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin rí bákan náà: fọ́ọ̀mù kan náà, èlé kan náà, ìbò kan náà. Èyí wà lórí ìwé yín. Àìṣègbè ní tirẹ̀ ń béèrè pé, ta ni òfin kan náà yìí ń dá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ẹ wo ìwé ilẹ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin ń pín nínú ogún bàbá rẹ̀ bí ọmọkùnrin, ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tàbí ti ọkọ ló sábà ń wà lórí ìwé. Onídùúró ńkọ́? Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Atákúnmọ́sà mọ ọlọ́jà rẹpẹtẹ tó lè dúró fún un. Olówó oṣù ni kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí nínú méjèèjì tó sọ bóyá yóò san gbèsè. (Àwọn Òṣómàáló, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn láyé àtijọ́, ò béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gba aṣọ àwìn. Wọ́n mọ ilé rẹ̀, wọ́n á sì lóṣòó síbẹ̀ títí owó á fi jáde.)

Kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ fa ìlà 4 sínú ìwé ẹgbẹ́: ẹni tó gba fọ́ọ̀mù, ẹni tó dá a padà, ẹni tí a yá lówó, ẹni tó san án tán. Ẹ ka obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀. Bí obìnrin ò bá gba fọ́ọ̀mù rárá, ẹ wo àkókò ìpàdé. Ní aago méje alẹ́, ta ló wà nídìí ààrò? Bí wọ́n bá gbà á tí wọn ò dá a padà, ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè ni ìṣòro.

Ẹ lè gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ 3, tí àpapọ̀ owó ìpamọ́ wọn tó gbèsè náà, dúró dípò ìwé ilẹ̀. Wọn ò gbọ̀dọ̀ gba owó yẹn jáde, wọn ò sì gbọ̀dọ̀ fi dúró fún ẹlòmíràn títí gbèsè á fi tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó kan á máa gbé gbèsè méjì. Ẹ jẹ́ kó wà fún tọkùnrin tobìnrin, nítorí ọkùnrin tí kò nílẹ̀ náà wà. Ẹ má fọwọ́ kan èlé o. Níbi tí wọ́n ti ń ya owó sọ́tọ̀ fún obìnrin ní èlé pọ́ọ́kú, ọkọ á rán ìyàwó lọ gbà á, ọkọ á ná an, orúkọ ìyàwó á wà nínú ìwé gbèsè. Àkáǹtì ẹni tó yá a gan-an ni kí owó wọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ìgbìmọ̀ tó ń yáni lówó, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀tanú. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1979 lórí fífi òpin sí ẹ̀tanú sí obìnrin, tí Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ní 1985, gbà á láàyè ní abala 4, pé kí ó dópin nígbà tí àǹfààní bá ti dọ́gba. Ẹ tún ìlà 4 yẹn kà lẹ́yìn oṣù 12.

Ìbéèrè: Òṣìṣẹ́bìnrin kan nílé búrẹ́dì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń fẹ́ àyè láti máa fún ọmọ lọ́mú. Àwọn ọkùnrin ní ojúsàájú ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Oníbúrẹ́dì, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Rárá. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, nínú àkókò iṣẹ́. Ọkùnrin tó bá ń kùn, kó gbé ọmọ tó fẹ́ fún lọ́mú wá.

Ẹ fi àkókò náà sí ìgbà tí búrẹ́dì bá wà nínú ààrò, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n ń po ìyẹ̀fun, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ìwé iṣẹ́ tó wà lára ògiri. Bí ọmọ bá wà ní Modákẹ́kẹ́, orí ọ̀kadà ni ìdajì wákàtí yẹn á parí sí. Ẹ wá yàrá kan tí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lè jókòó sí, níbi tí ooru ààrò ò dé.