Ìbéèrè Yín: Ta Ló Ń Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tó Wà Lọ́wọ́ Káńsù?

Ìwé tí ẹ kọ sí wa lórí àwọn ọmọ tí káńsù ń tọ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ ju àyè wa lọ. Márùn-ún la mú nínú wọn. Òfin England nìkan la fi dáhùn o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní tiwọn lọ́tọ̀, kí ẹni tó ń gbé ní Glasgow má lọ fi ìdáhùn wa bá káńsù rẹ̀ fa wàhálà.

Káńsù fún mi ní ọmọbìnrin ọdún 14 kan tọ́. Òṣìṣẹ́ sóṣíà rẹ̀ ní kó wá dara pọ̀ mọ́ Children in Care Council. Ọmọ náà bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, n kò rí èsì fún un. Ṣé dandan ni? Àbí wọ́n kàn ń fi wọ́n ṣe ọ̀ṣọ́ ni? — Alágbàtọ́, Peckham

Kì í ṣe dandan, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fipá mú un. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ àbójútó káńsù ni. Níbi púpọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tàbí lóṣù méjì ni wọ́n ń pàdé, òṣìṣẹ́ kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa kó wọn jọ. Ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí, wọ́n á gbé e lọ síwájú corporate parenting board, ìyẹn ìgbìmọ̀ tí àwọn káńsílọ̀ àti ọ̀gá ẹ̀ka ọmọdé ń jókòó sí. Ìwé ètò ìjọba tí wọ́n pè ní Care Matters, tó jáde ní 2007, ló ní kí gbogbo káńsù dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ kálukú yàtọ̀. Ní Southwark tiyín, Speakerbox ni.

Bí kóòtù bá fi ọmọ sọ́wọ́ káńsù lábẹ́ abala 31 òfin ọmọdé ti 1989, káńsù ti di òbí kan lórí ọmọ náà nìyẹn. Òfin mìíràn tó jáde ní 2017 wá ka ohun méje tí irú òbí bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rò. Méjì nínú méje náà dá lórí ohùn ọmọ: kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀, kí wọ́n sì ro ohun tó sọ mọ́ ìpinnu wọn. Gbogbo káńsílọ̀ lọ̀rọ̀ náà bá wí, títí kan èyí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kòtò ojú títì ló gbé e wọlé.

Ní ti ọ̀ṣọ́, a kò ní purọ́ fún yín, ọ̀ṣọ́ ni níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ àpò dúdú. Fún ọdún gbọọrọ, bí wọ́n bá ń kó ọmọ kúrò nílé alágbàtọ́ kan lọ sí òmíràn, inú àpò ìdọ̀tí ni wọ́n ń rọ aṣọ rẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu bẹ́ẹ̀. Ìkánjú ló fà á. Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ lójú àwọn àgbà pé ẹni tí wọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò ìdọ̀tí ti mọ ibi tí wọ́n fi òun sí. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ti wá ṣèlérí àpótí gidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni "LAC", ìkékúrú "looked after child" (ọmọ tí káńsù ń tọ́) tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ sínú fáìlì. Létí ọmọ, kò yàtọ̀ sí "lack", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí àìní. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹ. "Contact", ìyẹn ìgbà tí ọmọ ń rí ẹbí rẹ̀, náà ti di "family time" níbi púpọ̀.

Ti irun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Peckham mọ ohun tí à ń wí. Wọ́n lè gbé ọmọ aláwọ̀ dúdú lọ sí abúlé kan ní Kent tí kò ní onídìrí. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀ wá sí Rye Lane ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà? Bó bá fẹ́ gé irun ńkọ́, ta ni yóò fọwọ́ sí i? Ìbéèrè kejì yìí ni wọ́n ń pè ní delegated authority, inú placement plan, ìwé ètò ibi tí ọmọ ń gbé, ló yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ tó bá kan ogún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà báyìí ló bá ẹgbẹ́ náà mu. Ẹ jẹ́ kó lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pinnu. Ẹ gbé e débẹ̀, kí ẹ sì dúró síta.

Iṣẹ́ mi ní káńsù ni láti máa mú àwọn ọ̀dọ́ wá síwájú ìgbìmọ̀. Nígbà tó kọjá, àwọn méjì sọ̀rọ̀, àwọn káńsílọ̀ pàtẹ́wọ́, kò sí nǹkan kan tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Wọ́n ní àwọn kò wá mọ́. Níbo ni mo ti ṣì í? — Òṣìṣẹ́ káńsù, Barking

Ó jọ pé oúnjẹ ti jinná kí wọ́n tó bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1972 ní kí ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ tó ṣí sílẹ̀ fún aráàlú jáde ní ọjọ́ márùn-ún gbáko ṣáájú, láìka ọjọ́ tí ìwé jáde àti ọjọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tó kọ ìwé náà sì ti ń kọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ọ̀dọ́ bá fi máa lanu, ìpinnu ti wà nínú ìwé.

Ẹ lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀ ní Democratic Services, ẹ̀ka tó ń ṣètò ìpàdé káńsù, kí ẹ gba déètì gbogbo ìpàdé ọdún náà, kí ẹ wá ka ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn láti orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà yẹn, kí ẹgbẹ́ yan ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá kó mẹ́jọ wá, ìgbìmọ̀ yóò mú èyí tó rọrùn jù, wọn á sì pa ìyókù tì. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ọ̀dọ́ méjì lọ rí ọ̀gá tí owó ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an ti ń ṣẹlẹ̀, torí ọ̀gá tí wọ́n bá kó ìtìjú bá níwájú káńsílọ̀ á gbèjà ara rẹ̀ ni, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ojú ìwé kan tí àwọn ọmọ fọwọ́ ara wọn kọ wọ inú ìwé ìpàdé.

Ẹ wá wo gbólóhùn ìmọ̀ràn tó wà lókè ìwé náà dáadáa. Bó bá jẹ́ "to note" ni wọ́n kọ, ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe kò ju kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ tí ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ ló ti wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ "to agree", kí ohun tí wọ́n ń bèèrè, ẹni tí yóò ṣe é àti déètì tẹ̀ lé e. Níbi púpọ̀, ọ̀dọ́ tó jókòó sí ìgbìmọ̀ kì í dìbò, nítorí náà gbólóhùn yìí ni ìbò tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ bá la owó lọ, ìgbà tún ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káńsù gbọ́dọ̀ ti fi iye council tax lélẹ̀ kó tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta, wọ́n sì ti ń ro bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ìgbà tí ewé ti ń já. Ẹni tó bèèrè owó ní oṣù kejì ti pẹ́. Kí ó bèèrè ní oṣù kẹsàn-án.

Lọ́jọ́ ìpàdé fúnra rẹ̀, ẹ fi í sí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ má ṣe fi sí oṣù karùn-ún àti ìkẹfà tí wọ́n ń ṣe ìdánwò GCSE. Ẹ fún wọn ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Fọ́ọ̀mù tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò wúlò fún ọmọ tí kò ní pọ́n-ùn márùn-ún lápò. Ẹ wá oúnjẹ gidi, kì í ṣe bisikíìtì. Ẹ jọ jókòó fún wákàtí kan ṣáájú, kí wọ́n mọ orúkọ àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ni kó ṣáájú lórí ètò ìpàdé. Ẹ má gbà kí káńsílọ̀ kankan bi ọmọ léèrè bó ṣe dé ọwọ́ káńsù. Ọ̀rọ̀ àpótí ló bá wá, kò wá ròyìn ìyà. Fọ́tò ńkọ́? Ọmọ tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù, òfin kò gbà kí a gbé ohun tí wọ́n lè fi dá a mọ̀ jáde. Bí ẹ bá sì ń sanwó fún ọ̀dọ́ tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá wọn yóò kà á sí owó iṣẹ́, kó má di pé ẹ gbà á lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ fún un ní tòsì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí èsì padà sọ́dọ̀ wọn ní kíkọ: bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́ báyìí, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí báyìí. Lójú tiwa, ọ̀dọ́ tí wọ́n sọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" fún pẹ̀lú ìdí á tún padà wá. Ẹni tí wọ́n dákẹ́ mọ́ ni kì í wá mọ́. Àwọn méjì yín yẹn, ẹ tọ̀ wọ́n lọ pẹ̀lú èsì ohun tí wọ́n sọ nígbà yẹn, kódà bó jẹ́ "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni, kí ẹ tó bẹ̀ wọ́n padà.

Ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta kan náà tí ẹnu wọn dá ṣáká ni ẹ ń kó kiri. Àwọn tí wọ́n fi sí ibi tó jìnnà lè wọlé lórí fídíò. Àwọn tí kò lè fọhùn nítorí àìpé ara, àwọn òṣìṣẹ́ iléèwé wọn mọ bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bá wọn níbẹ̀.

Àwọn ọmọ mi méjì, ọdún 9 àti 12, ti wà lọ́wọ́ káńsù láti ọdún méjì. Ṣé mo lè gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ yìí kọ̀wé kí wọ́n dá wọn padà fún mi? — Bàbá kan, Manchester

Rárá, Bàbá. Ẹgbẹ́ náà kì í dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ohùn àwọn ọmọ yín ní ọ̀nà mìíràn. Abala 22 òfin 1989 ní kí káńsù tó ṣe ìpinnu èyíkéyìí lórí ọmọ, kó wádìí ohun tí ọmọ náà ń fẹ́, kó sì wádìí tẹ̀yin òbí pẹ̀lú. Abala yẹn kan náà ní kí wọ́n ro ẹ̀sìn, ẹ̀yà, àṣà àti èdè ọmọ. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí pé wọ́n ti ń gbàgbé Yorùbá, ẹ̀tọ́ ni ẹ ń bèèrè, ojú rere kọ́.

Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní IRO (Independent Reviewing Officer), tó ń darí ìpàdé àyẹ̀wò: àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, èkejì láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. IRO gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan ṣáájú, àfi bí ọmọ bá kọ̀. Ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣe ẹ̀sùn, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí agbẹnusọ tí kò ní san kọ́bọ̀ fún.

Kí wọ́n gbọ́ ọmọ kò túmọ̀ sí pé ohun tó bá wí ni wọ́n á ṣe. Bí ó bá jẹ́ kóòtù ló kó wọn sọ́wọ́ káńsù, kóòtù ló lè tú u, lábẹ́ abala 39, ẹ̀yin tàbí àwọn ọmọ sì lè bèèrè. Ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà o, torí bí kóòtù bá kọ̀, oṣù mẹ́fà gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó tún bèèrè láìjẹ́ pé kóòtù yọ̀ǹda.

Mo kúrò lábẹ́ káńsù ní ọdún 18, mo ti pé 19. Ṣé mo ti dàgbà jù fún ẹgbẹ́ yìí? — Leeds

O kò dàgbà jù. Ọ̀pọ̀ káńsù ní ẹgbẹ́ lọ́tọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde. Bó bá jẹ́ pé o lo ọ̀sẹ̀ 13 ó kéré tán lábẹ́ wọn láti ọdún 14, tí díẹ̀ nínú rẹ̀ sì bọ́ sí ẹ̀yìn ọdún 16, o lè ní personal adviser, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí yóò máa gbà ọ́ nímọ̀ràn, títí dé ọdún 25. Káńsù gbọ́dọ̀ tẹ ohun tó ń ṣe fún yín jáde, local offer ni wọ́n ń pè é. Kà á kó o tó lọ ìpàdé. Wo owó ìbẹ̀rẹ̀ ilé bóyá ó tó £3,000 tí ìjọba sọ ní 2023, sì wò ó bóyá wọ́n yọ yín nínú council tax. Bí káńsù tó múlé ti wọn bá yọ àwọn tirẹ̀, ìbéèrè tó o máa gbé wọlé nìyẹn.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ọdún 13, ti wà lọ́dọ̀ mi láti oṣù méje. Ìyá rẹ̀ ń fowó ránṣẹ́ láti Èkó. Aunty ló ń pè mí. Ó gbọ́ nípa ẹgbẹ́ yìí níléèwé, ó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ṣé wọ́n á gbà á? — Ìyá kan, Thamesmead

Bóyá ni, nítorí ọmọ náà kò sí lọ́wọ́ káńsù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín gbé ńlá kan yọ. Ọmọ tí kò tíì pé 16, tàbí 18 bó bá jẹ́ aláìpé ara, tó bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí, òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó bàbá, ọkọ ìyá, tàbí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí rẹ̀, private fostering ni òfin pè é. Ẹ̀yin ní láti sọ fún káńsù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ló yẹ kí ẹ ti sọ. Aunty tí ọmọ ń pè yín kò sọ yín di ẹbí lójú òfin, ọ̀pọ̀ wa ló sì ń kọsẹ̀ níbẹ̀.

Àṣà yìí kì í ṣe tòní láàárín wa. Láti nǹkan bí ọdún 1950 lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà àti Ghana ń fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Nursery World láti wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ, ọmọ Yorùbá púpọ̀ sì dàgbà nílé òyìnbó ní Kent, Essex àti Sussex. Ìgbà yẹn, a kò rántí ẹni tó ń bi ọmọ léèrè. Nísinsìnyí, òṣìṣẹ́ káńsù gbọ́dọ̀ wá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí ẹ bá ti sọ fún wọn, kó sì rí ọmọ lóun nìkan. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni lọ́dún àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ méjìlá méjìlá lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà lè sọ fún òṣìṣẹ́ yẹn pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ káńsù. Èyí tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ọmọ àdúgbò kò ní kọ̀ ọ́.

Kí ẹ sọ fún wọn sàn ju kí ẹ dúró dìgbà tí iléèwé bá sọ, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni bí ẹ bá mọ̀ tí ẹ sì dákẹ́. Ẹ pe ẹ̀ka ọmọdé káńsù yín, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe private fostering notification. Ẹ ní orúkọ ọmọ náà nítòsí, ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, iléèwé rẹ̀, dókítà rẹ̀, àti àdírẹ́sì pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ ní Èkó. Kí ẹ tó gbé fóònù, ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹ fẹ́ pè.