Kíláàsì Tí Kò Dé Pérépéré

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi C# kọ web service kan (iṣẹ́ tí ètò mìíràn lè pè láti orí ìsokọ́ra) nínú ASP.NET, èyí tí ó ń dá kíláàsì Customer padà. Nígbà tí ètò mìíràn pè é, method tí mo fi ń ṣírò gbèsè kò sí níbẹ̀ mọ́, property tí ó ń fi àpapọ̀ gbèsè hàn, tí ó ní get nìkan (a lè kà á, a kò lè fi iye sí i), sì pòórá. Mo ti kọ [Serializable], àmì tí ó ń sọ pé a lè kó kíláàsì ránṣẹ́, sórí kíláàsì náà, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: [Serializable] ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ṣáájú yín. XmlSerializer, ohun tí ó ń sọ data inú kíláàsì di ọ̀rọ̀ XML, ni irú web service yìí ń lò, kò sì bìkítà fún àmì yẹn rárá. Ohun tí ó ń kó ni field tí ó jẹ́ public àti property tí ó jẹ́ public, tí ó sì ní get àti set. Èyí tí ó bá ní get nìkan, ó máa ń fò ó láìsọ ohunkóhun, àfi bí ó bá jẹ́ àkójọ bíi List. Ní ti method, kò lè tẹ̀ lé XML lọ, nítorí data lásán ni XML ń gbé.

Customer tí ẹ rí nínú ètò kejì lọ́hùn-ún kì í ṣe tiyín. Orúkọ nìkan ló jọ. Láti inú WSDL, fáìlì tí ó ṣàpèjúwe web service yín, ni irinṣẹ́ tí ètò náà fi so mọ́ ọn ti ṣẹ̀dá rẹ̀, WSDL kò sì mọ nǹkan kan nípa ìṣirò yín. Àwọn kan máa ń fi set òfìfo sí property kí ó lè kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí bí iye gbèsè kan bá yí padà lọ́hùn-ún, àpapọ̀ àtijọ́ ni yóò ṣì wà níbẹ̀. Láti .NET 2.0, partial (èyí tí a lè pín sínú fáìlì púpọ̀) ni kíláàsì tí irinṣẹ́ náà ń ṣẹ̀dá, nítorí náà ẹ lè kọ method yín sínú fáìlì mìíràn, nínú namespace kan náà. Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì tí irinṣẹ́ kọ, torí pé bí ẹ bá tún reference (ìsopọ̀ mọ́ web service náà) ṣe, gbogbo àtúnṣe yín yóò parẹ́.

Bí ẹ bá kọ constructor (èyí tí a fi ń dá object kíláàsì sílẹ̀) tí ó ń gba nǹkan, ẹ kọ èyí tí kò gba nǹkan kan pẹ̀lú, nítorí C# kò ní fún yín ní ọ̀fẹ́ mọ́, XmlSerializer kò sì ní gba kíláàsì náà. Kò ní gba Dictionary, àkójọ tí ó ń so key mọ́ iye, pẹ̀lú. Bí Customer bá sì di Order mú, tí Order tún di Customer yẹn kan náà mú, àṣìṣe ni yóò já sí. Ẹ kọ [XmlIgnore] sórí ọ̀kan nínú property méjèèjì, kí XmlSerializer lè fò ó.