Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Wíwọn Àárẹ̀ Àwọn Àgbàlagbà

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. A fẹ́ fi Pittsburgh Fatigability Scale, ìwé ìbéèrè elédè Gẹ̀ẹ́sì lórí àárẹ̀, wọn àárẹ̀ àwọn àgbàlagbà ní èdè tiwa. Ẹnì kan tó gbọ́ èdè méjèèjì túmọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá ti àkọ́kọ́ mu. A fún àgbàlagbà 40 kọ. Cronbach's alpha, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí ìdáhùn sí àwọn ìbéèrè ṣe bára wọn lọ tó (1 ló ga jù), jẹ́ 0.96. Ṣé ká máa lò ó lọ?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì lò ó. 0.96 yẹn gan-an ló ń kọ wá lóminú, ó ti ga jù. Ìwé ìbéèrè yìí, tó jáde ní 2015 fún àwọn tó ti pé 60 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní iṣẹ́ 10 nínú: ìrìn gbẹ̀fẹ́ fún ìṣẹ́jú 30, jíjókòó jẹ́ẹ́ fún wákàtí kan, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn á mú nọ́ńbà láti 0 dé 5 fún àárẹ̀ ara, á tún mú òmíràn fún àárẹ̀ ọpọlọ. Ṣé kì í ṣe pé ẹ da ìdáhùn 20 náà pọ̀ ṣírò? Bí ìbéèrè bá ṣe ń pọ̀ ni alpha ń ga. Ẹ ṣírò ti ara lọ́tọ̀, ti ọpọlọ lọ́tọ̀. Tó bá ṣì ju 0.95 lọ, ẹ tú fọ́ọ̀mù wò, bóyá àwọn kan mú nọ́ńbà kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Pé ìtumọ̀ bára mu kò jọ wá lójú. Ẹni tó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ó rọrùn láti dá tirẹ̀ padà régí, síbẹ̀ kí ìyá àgbà má mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni méjì túmọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan má jẹ́ oníṣègùn. Kí wọ́n pa á pọ̀. Kí ẹni méjì mìíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí dá a padà. Kí ìgbìmọ̀ sì yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ìyọ̀ǹda àwọn tó ni ìwé náà ló ṣáájú o.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kí ẹ jókòó ti àwọn àgbàlagbà fúnra wọn. Ẹ pe ẹni 5 sí 8, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka ìbéèrè, ẹ jẹ́ kó dáhùn, kí ẹ wá bi í pé: "Bàbá, kí lẹ rò pé a bi yín yìí? Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú 3, tẹ́ ò mú 4?" Ẹ máa gbọ́ ọ pé, "Èmi kì í yára rìn mọ́, kò lè rẹ̀ mí," bàbá á sì mú 0. Ẹni tí àárẹ̀ mú kó pa ìrìn tì wá gba máàkì ẹni tí ara rẹ̀ le jù! Bẹ́ẹ̀, torí pé àgbàlagbà máa ń dín ìrìn kù kó má bàa rẹ̀ wọ́n ni wọ́n ṣe so ìbéèrè mọ́ iṣẹ́ àti àkókò pàtó. Ẹni tí kò ṣe é mọ́ ní láti fojú inú wò ó. Bí ìtọ́ni yẹn bá wà lókè ìwé nìkan, kíá ni wọ́n á gbàgbé rẹ̀. Ẹ tọrọ àyè láti tún un sọ ṣáájú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún ṣọ́ ẹni tó ń ka oorun tàbí ara ríro mọ́ àárẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pe àwọn mìíràn, títí ìṣòro tuntun kò fi ní yọjú mọ́.

Ẹni 40 tó fún ìdánwò àkọ́kọ́. Fún factor analysis, ìṣirò tó ń fi àwọn ìbéèrè tó ń wọn ohun kan náà hàn, iye èèyàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 7 iye ìbéèrè, kó má sì dín ní 100.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ló yẹ ká padà lọ béèrè lẹ́ẹ̀kejì? Àwọn kan ò sì lè kàwé.

Ìdáhùn: Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá yá jù, wọ́n á rántí ìdáhùn wọn. Bó bá pẹ́ jù, ara wọn lè ti yí padà. Ẹ lọ ní wákàtí kan náà, torí àárẹ̀ àárọ̀ kì í ṣe ti ìrọ̀lẹ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá kà á fún lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tún kà á fún un. Ẹni 50, ó kéré tán. Kí ICC, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí máàkì àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀ẹ̀kejì ṣe bára mu tó, má sì dín ní 0.70.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ká ní SD (bí máàkì àwọn èèyàn ṣe jìnnà síra tó) ti àárẹ̀ ara jẹ́ 9, ICC sì jẹ́ 0.84: SEM, ìyẹn bí máàkì ṣe lè ṣì tó, á jẹ́ 9 × √(1 − 0.84), ìyẹn 3.6. Ẹ fi 1.96 àti √2 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di bíi 10 nínú 50. Ìyípadà tí kò bá tó èyí lè jẹ́ àṣìṣe ìwọ̀n lásán. Bí máàkì ẹnì kan bá fi 6 dín lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ kò tíì lè sọ pé ara rẹ̀ yá sí i.