Kẹ̀kẹ́ eré-ìje ní Ògbómọ̀ṣọ́: àpótí ohun èlò ló ṣáájú èrò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ eré-ìje kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta kẹ̀kẹ́ eré-ìje níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kọ́ ni ìṣòro, tòkunbọ̀ wà. Ohun tó ń tú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ká ni pé wáyà bíréèkì ẹnìkan já, kò rí òmíràn rà, kẹ̀kẹ́ wà nílẹ̀ fún oṣù méjì, olúwarẹ̀ kò sì wá mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò sórí ìwọ̀n kan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà dáadáa: 622 ni ẹ ń wá, bíi 25-622 (25 ni fífẹ̀ táyà, 622 ni ìwọ̀n ríìmù tó bá a mu, mìlímítà ni méjèèjì). Àwọn tòkunbọ̀ àtijọ́ kan máa ń jẹ́ 630. Ojú lásán kò lè dá wọn mọ̀, mìlímítà 8 péré ló là wọ́n láàárín, ṣùgbọ́n táyà ọ̀kan kò ní bá ríìmù èkejì mu láé. Ẹ má ra 630, bó ti wù kó dán tó. Jíà ẹ̀yìn, ẹ mú onípele 7 tàbí 8, torí irú ṣéènì kan náà ló ń bá méjèèjì ṣiṣẹ́. Férémù onírin ni kí ẹ sì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń to kẹ̀kẹ́ léra nínú kọ̀ǹténà, etí tí wọ́n so jíà ẹ̀yìn mọ́ a sì wọ́. Ti irin ṣe é fà tọ́. Ti alumíníọ́ọ̀mù sábà máa ń kán.

Ohun tí ẹ máa kó sínú àpótí ohun èlò ẹgbẹ́ fún kẹ̀kẹ́ 8: túùbù 12, táyà 4, ṣéènì 3, rọ́bà bíréèkì fún kẹ̀kẹ́ 4, wáyà bíréèkì 10, wáyà jíà 10. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáyà ọ̀kadà dí i, ó ti nípọn jù, orí rẹ̀ kò sì ní jókòó. Ẹ fi owó àjọ rà á. Ẹni tó bá mú nǹkan, kó san án lọ́jọ́ náà gan-an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àpótí á ṣófo.

Ẹ wá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan, kí ẹ sì fi pẹ́dàlì òsì hàn án: bí aago ṣe ń yí ni wọ́n ń tú u. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ńṣe lòun ń tú u, á tún máa fún un le sí i, títí tí ojú ìdè fi máa jẹ.

Fáàfù tín-ín-rín tó wà lára túùbù kẹ̀kẹ́ eré-ìje kò bá ẹnu ẹ̀rọ fọganáísà mu. Ẹnu idẹ kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ fáàfù náà kó lè bá ẹ̀rọ mu. Kí kálukú ní tirẹ̀. Kí fọganáísà fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí géèjì má kọjá 90 PSI.

Nígbà ọyẹ́, eruku ló ń jẹ ṣéènì. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ tó kán òróró sí i. Òróró ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú á kó iyanrìn jọ ni. Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì náà: láti ìdí pín-ìnnì kan dé ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ íńṣì 12 géérégé. Tó bá ti fi ju ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún íńṣì lọ lé ní 12, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó ba eyín jíà jẹ́.

Ìdíje: ẹ sá fún títì Ìbàdàn sí Ìlọrin, tírélà ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wá ọ̀nà tó dákẹ́, kìlómítà 10, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Kí àwọn tí kò tíì yára kọ́kọ́ gbéra, kí ẹni tó yára jù gbéra kẹ́yìn, kí gbogbo wọn lè jọ máa dé. Ẹni tuntun tí wọ́n bá ń já sílẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta léraléra kò ní ra kẹ̀kẹ́. Ẹ pa kẹ̀kẹ́ 2 mọ́ fún irú wọn láti yá, ọ̀kan kékeré, ọ̀kan ńlá.