Ìdí tí ọ̀gá sójà fi ń gbé ìbọn ìléwọ́ nìkan

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọ̀gá sójà tí ẹ rí ní Nyanya, l'Ábújá, ìbọn ìléwọ́ nìkan ló gbé, bíi pé wọ́n fi ìbọn gígùn dù ú. Kò sẹ́ni tó fi dù ú o. Ìbọn ìléwọ́ wà fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba ọwọ́ méjèèjì: ẹni tó ń pàṣẹ lórí rédíò, awakọ̀ òfúrufú, ẹni tó há sínú ọkọ̀ ogun. Ó fi ń gba ara rẹ̀ là bí ọ̀tá bá dé tòsí ni.

Àmọ́ ìgboro Àbújá nìyẹn. Bó bá di ojú ogun nínú igbó Sambisa, ọ̀gá náà á gbé ìbọn gígùn AK. Ìbọn ìléwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣeé gbára lé kọjá 50 mítà. AK ń lọ tó 300. Ìbọn ìléwọ́ Browning Hi-Power tí sójà wa ti lò pẹ́, ọta 13 péré nilé ọta rẹ̀ ń gbà.

Èyí tó so mọ́ ìbàdí yẹn, àmì ipò náà ni, ká má parọ́.